Ọmọ Tí Ọlọ Inú Rẹ̀ Kò Ṣiṣẹ́: Ibà Rẹ̀ Kò Gbọ́dọ̀ Di Ọ̀la

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ogún pínpín. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ó kan àwọn ọmọ kan tí wọ́n wà láàrin wa, tí ibà alẹ́ kan ṣoṣo lè mú lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí àwọn ará ilé yóò sì máa sọ lẹ́yìn náà pé àbíkú ni. A bẹ̀ yín, ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé.

Ní ọjọ́ Iléyá, bí a bá dúńbú àgbò tán tí a sì la inú rẹ̀, ẹ wo apá òsì. Ẹ óò rí ẹran kan tó pọ́n dúdú, tó rí pẹlẹbẹ, tó lẹ̀ mọ́ ara ṣàkì. Àwọn ọmọ wa máa ń pè é ní ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ti ka hadíìsì Ibn Umar lórí ẹ̀jẹ̀ méjì tí a ṣe ní ẹ̀tọ́ fún wa mọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá: tihal. Lédè tiwa, ọlọ inú ni. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kì í sì í sábà jáde lẹ́nu wa àfi bí ó bá wú: ìyá àgbà á ní ọlọ inú ló ń da ọmọ yìí láàmú, nítorí pé ó le lábẹ́ ìhà bí ọlọ ata. Ti ènìyàn kò ju ìkúùkù olúwarẹ̀ lọ, abẹ́ egungun ìhà òsì ló sì fara pamọ́ sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, méjì ni a óò mú. Èkíní, asẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ojú ihò tó há gan-an, bí omi ògì ṣe ń gba ojú asẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, tàbí tí kòkòrò ibà ti wọ̀, ibẹ̀ ni a ti ń sẹ́ ẹ kúrò. Èkejì, ọdẹ ni. Àwọn kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n gbé ẹ̀wù yíyọ̀ wọ̀. Bí ẹ bá ti gbìyànjú rí láti fi ọwọ́ lásán mú ẹja àrọ̀ nínú bàsíà, ẹ óò mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ dì mú dáadáa, ọlọ inú ló mọ ọ̀nà tí a fi ń mú wọn. Olórí wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pneumococcus. Òun ló ń fa òtútù àyà, òun ló ń fa àrùn lọ́rùnlọ́rùn tó ń mú ọrùn ọmọ le gan, òun náà ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ara fi ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tún ni Haemophilus irú b, tí wọ́n ń gé kúrú sí Hib. Ẹ̀kẹta ni meningococcus.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń pàdánù ọlọ inú? Àwọn kan, iṣẹ́ abẹ ni. Ọkọ̀ ló gbá wọn tàbí wọ́n ṣubú láti òkè, ọlọ inú bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú, dókítà sì ní láti yọ ọ́ kí ẹ̀mí má baà bọ́. A óò padà sórí àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wa kò ní àpá ọ̀bẹ kankan lára. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ni. Àjọ WHO ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni à ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ SS, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS. Yorùbá, Urhobo, Ìṣẹ́kírì, Ìjọ̀, Hausa, kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí ẹnì kejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, irú ẹ̀jẹ̀ mìíràn ló ní, ìyẹn sì ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ SS gba ipò, ẹyọ ẹ̀jẹ̀ náà sì ń tẹ̀ bí dòjé. Èyí tó ti tẹ̀ kì í gba ojú asẹ́ kọjá. Ó ń há síbẹ̀, ó ń dí ihò, ibi tó bá sì ti dí, ẹran ibẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ti ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọdún márùn-ún, ti àwọn tó pọ̀ jù ti súnkì di àpá lásán. Kò sí ẹni tó gé e, kò sí ẹni tó rí i. Nílẹ̀ wa tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀, dókítà lè tẹ inú ọmọ SS kó ṣì bá ọlọ inú tó tóbi níbẹ̀. Kí ìyẹn má tàn wá. Ṣọ́ọ̀bù lè ṣí sílẹ̀ gbayawu kí ọlọ́jà má sí nínú rẹ̀. Ti ẹni tó jẹ́ SC náà ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù ti SS lọ. Ẹni AS kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọlọ inú tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. A sọ èyí nítorí pé a mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè.

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Nígbà kan, wọ́n gbà pé ènìyàn lè wà láìní ọlọ inú láìsí ewu. Ní ọdún 1952 ni King àti Shumacker, oníṣẹ́ abẹ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọ ọwọ́ márùn-ún tí wọ́n ti yọ tiwọn, tí àkóràn líle sì mú wọn lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń là. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yí ọ̀ràn ọmọ SS padà ni ti ọdún 1986, tí Dókítà Marilyn Gaston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde. Wọ́n pín ọmọ kéékèèké 215 sí ọ̀nà méjì. Àwọn 105 ń lo penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn 110 ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn 110, ọmọ 13 ni àkóràn pneumococcus mú, mẹ́ta sì kú. Nínú àwọn 105, méjì péré ló mú, kò sí ẹni tó kú. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kó parí, nítorí kò tọ́ kí wọ́n máa fi oògùn du àwọn ọmọ yòókù.

Àwọn kan wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé ní Áfíríkà kì í ṣe pneumococcus ló ń pa ọmọ SS, ibà ẹ̀fọn ni. Àríyànjiyàn náà pẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn oníwádìí ní Kilifi, ní etíkun Kenya, gbé èsì tiwọn jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọ ilé ìwòsàn wò. Wọ́n rí ọmọ SS 108 tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: 44 ni ti pneumococcus, 19 ni ti Salmonella tó jẹ́ ìbátan kòkòrò táífọ́ọ̀dù, 13 sì ni ti Hib. Nítorí náà kòkòrò kan náà tó ń pa ti Amẹ́ríkà ló ń pa tiwa, àfi pé tiwa tún ní ẹ̀fọn àti omi ìdọ̀tí láti bá jà.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ yóò wú kí ẹ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kan wà lóde òní tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun tó fún, tí èsì rẹ̀ ń jáde lójú ẹni. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ni kí wọ́n yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní Central Hospital níbí. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Èkó lè yà ní ibùdó Sickle Cell Foundation Nigeria ní Ìdí-Àràbà, ní ọ̀kánkán LUTH. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1994.

Lẹ́yìn èyí, penicillin V. Láti nǹkan bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: 125 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́ta, 250 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ibẹ̀ títí di ọdún márùn-ún ó kéré tán. Dókítà ni yóò kọ ọ́, òun náà ni yóò sì sọ ìgbà tí a óò dá a dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba penicillin, erythromycin ni wọ́n sábà máa ń fún un dípò rẹ̀. Níbi tó bá ti wọ́n lọ́jà, àwọn dókítà mìíràn ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ penicillin olóṣooṣù. Èyí tó jẹ́ olómi, bí a bá ti pò ó, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Bí iná ṣe rí ní Warri, ẹ bèèrè hóró, kí ẹ lọ̀ ọ́ sínú omi díẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, ẹ má sì ra oògùn ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú ọkọ̀.

Àwa tí a ń ṣòwò mọ ibi tí oògùn yìí ti ń ṣubú. Oògùn tán ní Ọjọ́rú, ọmọ ń ṣeré, ara rẹ̀ le koko, owó ọjà kò sì tíì wọlé. Ìyá á ní, ó di ìgbà tí a bá ta ọjà. Ìgbà yẹn á di oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa: oògùn yìí kì í ṣe ti ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọdẹ alẹ́ ni. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kì í lé ọdẹ lọ nítorí pé olè kò wá lóṣù tó kọjá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Èyí tó ń dènà Hib ti wà nínú ti ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 2012, nínú abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún. Ti pneumococcus bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2014. Méjèèjì ni wọ́n ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Fún ọmọ tí kò ní ọlọ inú, ìyẹn nìkan kò tó. Láti ọdún méjì, ó yẹ kó gba èyí tó ń dènà irú pneumococcus 23, kó sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Owó la fi ń ra ìyẹn. Ó tún yẹ kó gba ti lọ́rùnlọ́rùn, èyí tí gbogbo alálàájì ń gbà kí wọ́n tó wọ Saudi. Ẹni tí ọlọ inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nílò rẹ̀ bí kò tilẹ̀ kúrò ní Warri. Síbẹ̀, irú pneumococcus tó wà láyé lé ní 90, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó kó gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kò fi lé penicillin lọ.

Ti ẹ̀fọn, kò ní gùn, nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àbò ẹ̀fọn lóròòru, àti oògùn adènà ibà tí dókítà bá kọ fún ọmọ SS. Proguanil ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń lò jù nílẹ̀ wa. Daraprim ọjọ́ Sunday tí a ń jẹ láyé àtijọ́, kòkòrò ibà ti mọ ọ́n jù, kò kà á sí mọ́. Omi mímu ọmọ, ẹ sè é. Ẹyin àti adìẹ, ẹ jẹ́ kó jinná dénú, nítorí Salmonella tí a dárúkọ lókè.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan méjì. Bí ara bá gbóná, a ní ibà ni. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé wá, ibà náà ni. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná lálẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìyá jáde ti dárúkọ àrùn àti oògùn rẹ̀ pọ̀: a gba kẹ́míìsì lọ, a ra oògùn ibà àti paracetamol, a sì padà sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó lè bọ́ sí i. Fún ọmọ SS, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ti ẹ̀fọn ni tàbí pneumococcus ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Paracetamol yóò mú ara rẹ̀ tutù, ọmọ á béèrè oúnjẹ, ìyá á sùn. Kòkòrò kì í sùn. Láàrin wákàtí mélòó kan ni ó ń di ìlọ́po ìlọ́po nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọdẹ. Ọmọ tó jẹun alẹ́ lè dákú kí a tó pe ìrun àsùbáà. Àkóràn ẹni tí kò ní ọlọ inú lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ kan sí méjì, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tó ti wọ̀ ọ́ lára.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara. Bí ó bá ti tó 38.5, tàbí tí ẹ kò ní ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí ara ọmọ ń jó yín lọ́wọ́, ilé ìwòsàn ni, ní wákàtí náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá ń mí hẹlẹ, bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí ó bá ń sùn jù tí kò sì fẹ́ jí, tàbí tí ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣàdédé funfun tí ìhà òsì rẹ̀ sì wú. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀jẹ̀ ló rọ́ sínú ọlọ inú. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó jókòó pé SS ni. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò líle bíi ceftriaxone ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un, kí èsì àyẹ̀wò tó jáde. Wọ́n lè yẹ ti ẹ̀fọn wò pẹ̀lú, kí wọ́n tọ́jú méjèèjì. Bí tẹ́sì bá sọ pé kòkòrò ibà wà, ìyẹn kò sọ pé èkejì kò sí.

Alẹ́ ni ẹrù ń bà wá jù, nítorí keke kì í pọ̀ lójú títì nígbà náà. Ẹ ti bá ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí lóru. Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ra ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́ kéú, ọ̀rọ̀ kan wà fún wa. Ọmọ tó bá fi orí lé wàláà rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má ní kó lọ dùbúlẹ̀ sí igun kan títí a óò fi túká. Ẹ bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí òbí bá mú un wá, bí a ṣe ń bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá wá gba omi wàláà fún ọmọ SS tí ibà ń ṣe, a lè gbàdúrà fún un bó ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jókòó dúró de inki kó gbẹ. Gbẹ́rẹ́ sínsín ní tiwa kò dára fún ọmọ yìí rárá: ọ̀nà tuntun là ń là fún kòkòrò. Èyí tó bá ti pé ọdún márùn-ún tó sì ti kúrò lórí penicillin, kò kúrò nínú ewu. Títí ayé ni òfin ibà yìí dè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlagbà tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹ lọ bi dókítà yín léèrè abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí a dárúkọ yìí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ tirẹ̀ láìsí pàjáwìrì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó ti gbà wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti yọ ọ́ ní pàjáwìrì, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ajá bá bù ú jẹ, kó má fi omi gbígbóná jẹ́ ẹ lásán, kó lọ gba oògùn lọ́jọ́ náà. Nínú àwẹ̀ Ramadan, oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ bọ́ sí àkókò sààrì àti ìṣínu láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n SS tí òùngbẹ ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàmú, ààyè aláìsàn ti wà fún un nínú Kùránì, kí ó má fi agídí sin Ọlọ́run.

Tí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá, oògùn tí yóò kájú gbogbo ọjọ́ tí ẹ óò lò, ẹ gbé e dání nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n dì sẹ́yìn ọkọ̀. Kí ọmọ náà ní bébà kan tí a fi ọ̀rá wé, nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀ àti nínú ti kéú. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí nọ́ọ̀sì tí ẹ óò bá lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ Urhobo tàbí Ìjọ̀: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, pé SS ni, pé ọlọ inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, oògùn tó ń lò, àwọn abẹ́rẹ́ tó ti gbà àti ọdún tó gbà wọ́n, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, nọ́ńbà tẹlifóònù ènìyàn méjì, àti gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí wọ́n tó bèèrè owó káàdì.